Ọjọ́ tí Ìyá Òyìnbó Kúnlẹ̀ Lọ́jà Ìkàrẹ́

Òórùn iyọ̀ tí òjò pa nínú àpò ni mo fi ń rántí ọjà Ìkàrẹ́ ayé ìgbà náà. Ẹni tí kò ta iyọ̀ rí lè rò pé iyọ̀ kì í rùn. Kí ó wá jókòó tì í láti àárọ̀ dọ̀sán nígbà òjò, kí irú wà lápá ọ̀tún rẹ̀, kí ọṣẹ dúdú wà lápá òsì, yóò mọ ohun tí mo ń wí. Ọ̀kà ni ilé mi, lórí òkè, ṣùgbọ́n Ìkàrẹ́ ni mo ti ń tajà ní ọrọọrún. Mo máa ń ru iyọ̀ lọ ní ìdájí, mo sì máa ń ru ọ̀rọ̀ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nítorí kò sí ẹni tó kọjá níwájú àtẹ mi tí n kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà kúkú ń wo ìkọ̀wé mi, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò dúró de ìwé kí ó tó mú.

Ìyá Òyìnbó ni a ń pe obìnrin náà. Ìjọ rẹ̀ ló rán an wá láti òkè òkun kí ó wá máa tọ́jú àwọn ọmọ tí kò ní ìyá. Ìjọba òyìnbó kò tíì pẹ́ lórí wa nígbà náà. Mọ́tò kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, ẹṣin ni ajẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ń gùn. Ilé alámọ̀ kan ní Ọ̀kà, nítòsí ilé wa, ni òun àti ọmọ márùn-ún ń gbé. Orí rẹ̀ ti funfun báláú. Kò lọ́kọ, kò bímọ rí, èyí sì pa mí lẹ́rìn-ín títí: ẹni tí kò rọbí rí ló wá ń kọ́ wa ní ọmọ títọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tó pọnmọ, ọmọ náà ti yọ̀ wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ìdí rẹ̀. Mo sáré lọ gbá ọmọ náà mú.

Mo ní, “Ìyá Òyìnbó, ṣé ọmọ lẹ pọ̀n ni, àbí igi ìdáná lẹ ń wọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Kọ́ mi, ọmọ mi. Èmi kò mọ̀ ọ́n.”

Yorùbá inú Bíbélì ló ń sọ, èyí tí kò jọ ti Ọ̀kà, kò jọ ti Ìkàrẹ́. Bó bá kí ọ láàárọ̀, àfi bíi pé wòlíì ló dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń so ọ̀já, ó sì mọ̀ ọ́n so.

Ní àkókò òjò kan, wọ́n gbé ọmọbìnrin jòjòló kan wá fún un láti Epinmi. Ìyá rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀. Ọmọ náà kò tóbi ju àdàbà lọ. Wàrà inú agolo ni Ìyá Òyìnbó fi ń tọ́ irú wọn, àwọn aláàárù ló sì máa ń rù ú wá láti ọ̀nà Ọ̀wọ̀. Odò kún, aláàárù kò lè kọjá. Wàrà ewúrẹ́ kan tó ń sìn náà gbẹ. Ó fún ọmọ ní omi ẹ̀kọ, ọmọ pọ̀ ọ́ dà nù. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé ní Ọ̀kà, ó ń wá abiyamọ tí yóò fún un lọ́mú. Gbogbo ilé ló kọ̀.

Má rò pé ìkà ni wá. Ohun tí a gbàgbọ́ ni pé ìyá tó kú sórí ọmọ kì í tètè lọ jìnnà. Ẹni tó bá fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, yóò wá mú ọmọ ti onítọ̀hún lọ. Èmi náà ní ọmọkùnrin oṣù méje nígbà náà, àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀ kò sì dúró. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn Ìyá Òyìnbó lẹ́nu ọ̀nà wa, mo gbé ọmọ mi, mo sá sẹ́yìn àká, mo fi ọmú dí i lẹ́nu kí ó má baà ké. Ọmú tí obìnrin náà wá tọrọ ni mo fi sá pamọ́ fún un.

Ọjọ́ kejì ni ọjà Ìkàrẹ́. A kò tíì pàtẹ tán tí a fi rí i tó ń bọ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀ pinpin, bí mo ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́. Ìyá ọlọ́ṣẹ, Mùsùlùmí tó ń jókòó tì mí, fi ìgbúnwọ́ gún mi.

“Ìyá oníyọ̀, òyìnbó dé. Ọmú ló fẹ́ rà.”

Mo ní, “Kí la ó fi wọ̀n ọ́n fún un, igbá ni àbí agolo?”

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Tèmi ló ròkè jù, nítorí ẹ̀rù ń bà mí. Ìyá Òyìnbó gbọ́. Ó tú ọ̀já, ó gbé ọmọ náà sí àyà, ó sì fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú wa.

Bí mo ṣe máa sọ èyí kó yé ọmọ òde òní, n kò mọ̀. Arúgbó kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé. Orí ọmọdé kò lè gbé e. Bí orí ewú bá wólẹ̀ níwájú rẹ, ìwọ náà ní láti wólẹ̀, o kò sì lè dìde ṣáájú rẹ̀. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ẹni tó kọ́ obìnrin yìí ní àṣà wa ti kọ́ ọ ní àbọ̀: ó sọ fún un pé a máa ń kúnlẹ̀ tọrọ nǹkan, kò sọ ẹni tí à ń kúnlẹ̀ fún.

Ìyá ọlọ́ṣẹ ló kọ́kọ́ wólẹ̀. “Ẹ dìde, ìyá, ẹ má ṣe wá báyìí.” Elépo wólẹ̀, oníirú wólẹ̀, èmi náà wólẹ̀. Màmá olóbì tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́ ń wò wá lọ, ó ń wò wá bọ̀. Ó ní, “Ẹ bá mi bi òyìnbó yìí léèrè ọjọ́ orí rẹ̀ ná, kí n mọ̀ bóyá ó kàn mí.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìsọ̀ wa wà lórí eékún nínú ẹrẹ̀, igbe ọmọ náà nìkan ni à ń gbọ́, igbe tó ti há bíi ti ọmọ ewúrẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni omi ọmú mi dà. N kò pè é. Ọmọ tèmi ń sùn lórí ẹní lẹ́yìn àtẹ, kò béèrè ohunkóhun, síbẹ̀ àyà ìró mi rin gbindin.

Ìyá ọlọ́ṣẹ rí i. Ó rọra ní, “Ara rẹ ti dá a lóhùn.”

Mo wo Ìyá Òyìnbó lójú. “Bí ìyá ọmọ yìí bá wá mú tèmi ńkọ́?”

Kò pè mí ní kèfèrí. Ó ní, “Bí ó bá ń bọ̀, èmi ni yóò kọ́kọ́ bá. Ẹnu ọ̀nà rẹ ni èmi yóò máa sùn.”

Mo gba ọmọ náà. Ó fà mí lọ́mú bí ẹni tó ń bá mi jà.

Ìyá Òyìnbó kó wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lóòótọ́, òun àti ọmọ márùn-ún, ẹní, agogo kékeré àti Bíbélì. Ìbú ẹnu ọ̀nà yàrá mi ló tẹ́ ẹní rẹ̀ sí. Bí mo bá fẹ́ jáde, mo ní láti dá a kọjá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á lu agogo, á gbàdúrà fún àwọn ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á dárúkọ ọmọ tèmi ṣíwájú. Á kó àkísà ìgbẹ́ wọn lọ fọ̀ lódò fúnra rẹ̀. Orin rẹ̀ kò dùn rárá, mo sì sọ fún un. Afẹ́fẹ́ fẹ́ òjò wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, òjò rin ín, kò kúrò níbẹ̀. Mo máa ń wò ó láti inú yàrá, ọmọ méjì lọ́mú mi, ẹ̀rín a sì gbẹ lẹ́nu mi. Kò sí ẹni tó dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún èmi àti ọmọ mi rí. Nígbà tí agolo wàrà dé, èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e fún àwọn tó kù, ọmú mi tó ọmọ méjì. Ọmọ méjèèjì yè.

Ó pẹ́ lẹ́yìn náà, nígbà tó ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí ìlú rẹ̀, mo bi í. Mo ní, “Ìyá, ta ló tàn yín lọ́jọ́ ọjà yẹn? Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé nílẹ̀ wa.”

Ó wò mí. “Ọdún mẹ́jọ ni mo ti gbé láàrin yín kí n tó kúnlẹ̀. O rò pé n kò mọ̀?”

Mo pàtẹ́wọ́. “Ẹ rẹ́ wa jẹ!”

“Bóyá. Mo ti gbàdúrà tán, mo ti rìn tán. Ewú orí mi nìkan ló kù lọ́wọ́ mi.”

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti nájà títí mo fi darúgbó. Kò sí oníbàárà tí kì í fi owó díẹ̀ pamọ́ sí etí ìró kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàá-dúrà. Èmi náà a máa fi pamọ́. Obìnrin yẹn nìkan ni mo rí tó gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀, nítorí ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀, níwájú àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín. Ọmọ Epinmi tó fi sílẹ̀ lọ́wọ́ mi ló ń ta iyọ̀ ní àtẹ mi báyìí, ẹnu rẹ̀ sì mú ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n bí arúgbó kan bá yà sọ́dọ̀ wa, kí onítọ̀hún tó la ẹnu, ọmọ náà ti wà lórí eékún rẹ̀. N kò kọ́ ọ. Mo kàn máa ń gbé ojú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, kí àwọn oníbàárà má baà rí omi lójú mi.