Ẹsẹ̀ Tó Ń Tẹ Bíréèkì Lófuurufú

Bí bàálù bá ti gbéra ní Maiduguri, ẹsẹ̀ méjèèjì ọkùnrin kan tí mo mọ̀ á tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ níbi tó jókòó sí níwájú ilé. "Ó yẹ kí awakọ̀ rẹ̀ ti tẹ bíréèkì báyìí," ló máa ń wí.

Awakọ̀ bàálù kékeré ni òun náà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n Bísí ló ń gbé ní àdúgbò 1000 Housing, Bísí tí mò ń lé kiri nígbà tí mo wà ní yunifásítì.

Lọ́jọ́ kan, lójú Bísí, mo ní, "Bọ̀dá, kí ni bíréèkì fẹ́ ṣe lófuurufú? Ṣé orí ìkùukùu lẹ fẹ́ dúró sí ni?"

Mo rò pé Bísí á rẹ́rìn-ín. Kò rín.

Ọkùnrin náà dojú kẹ̀kẹ́ mi délẹ̀, ó fi agbára yí táyà rẹ̀, ó ní kí Bísí di férémù mú. Férémù náà ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà tẹ bíréèkì, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́.

"Bí táyà bàálù ṣe ń gbọ̀n nìyẹn tó bá ṣì ń yí nígbà tá a bá ń ká a wọ ikùn bàálù. Èmi kì í gbé ariwo wọlé."

"Kai!" ni Bísí wí, ó ń wo ọkùnrin náà ṣáá. Kẹ̀kẹ́ mi ni o, èyí tí mo fi ń gbé e lọ ra ẹja yíyan ní Baga Road!

Èmi náà ni mo padà fẹ́ Bísí. Lọ́dún tó kọjá, a jọ wọ bàálù. Bó ṣe gbéra, mo wolẹ̀: ẹsẹ̀ méjèèjì ìyàwó mi tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́.