Ohùn Ìdáyátù, Ẹsẹ̀ Dára

Wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri àdúgbò wa ní Jahi pé owú ló mú kí Ìdáyátù aránṣọ gbé orin mì, kí ojú lè ti Dára níwájú èrò. Irọ́ ni. Owú wà níbẹ̀ o, n kò ní tan yín, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló dá orin dúró.

Ẹgbẹ́ ọmọ Okun, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, ló ṣe eré olórin-oníjó nípa Bìlíkísù, ọbabìnrin tó lọ kí Sólómọ́nì. Ìdáyátù, tó ń ránṣọ ní Wuse, ló mọ orin rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ó ti gbà pé òun náà ni Bìlíkísù. Àfi bí Ọ̀gá Bámiṣayọ̀, olùdarí eré, ṣe fa Dára jáde, ọmọ tí wọ́n bí sí Jahi, tó ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kò lè sọ ọ́ geere.

"Ìdáyátù, ìwọ á máa kọ ọ́ lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Dára á máa jó o níta."

"Ẹ̀yìn aṣọ kẹ̀? Ṣé mo jalè ni, ọ̀gá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun kò rín. Òun náà ló tún rán aṣọ ọbabìnrin fún ọmọ yẹn. Tí òun bá kọrin tán, "Dára! Dára!" ni wọ́n ń pariwo, bíi pé ẹnu Dára lohùn ti jáde.

Lọ́jọ́ eré, Dára dé orí àtẹ̀gùn ààfin Sólómọ́nì, níbi tí Bìlíkísù ti rò pé omi ni ilẹ̀ dígí. Ó ká aṣọ sókè. Bí orin bá ti lọ sókè báyìí, ó gbọ́dọ̀ fò sílẹ̀. Etí aṣọ bá já bọ́, ó lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀. Ìdáyátù nìkan ló rí i láti ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìkélé. Ó pa ẹnu dé. Gbọ̀ngàn dákẹ́ lọ. Bí kò ti gbọ́ orin, Dára ò fò; ó bẹ̀rẹ̀, ó tú ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Nípàdé ẹgbẹ́, Bámiṣayọ̀ ní ẹlòmíràn ló máa kọrin níbi eré tó kàn, ní Galadimawa. Ta ni ì bá gba Ìdáyátù gbọ́? Orin yẹn nìkan ló sì kù fún un.

Dára bá kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, aṣọ ló wé mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Àǹtí ò jẹ́ kí n ṣubú. Tí wọn ò bá kọrin, èmi náà ò jó. Faínà, ó tán!"

Wọ́n dá orin padà fún Ìdáyátù.

Níjọ́ tó ń wọn bùláòsì mi, mo ní kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó pòṣé.

"Ó mọ̀ ọ́n jó, ó lẹ́wà, ó tún wá nínú rere. Ẹ̀gbọ́n, ṣé òun nìkan ni Ọlọ́run dá ni?"