Ọjọ́ tí bátìrì ọkọ̀ Tonton fẹ́ ba ìdánwò àbúrò mi jẹ́

Ọjọ́ tí Ráfíátù àbúrò mi ń lọ ṣe BEPC, ìdánwò ìparí girama kékeré, ni n kò lè gbàgbé. Ọkọ̀ àbúrò bàbá wa tí à ń pè ní Tonton, èyí tó ń lo epo àti iná mànàmáná, kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Bátìrì tún ti kú, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lọ́sẹ̀ kan.

Nígbà tí mẹkáníìkì tó ta bátìrì náà dé, Tonton gbá a lọ́rùn aṣọ mú. "Olè! Bátìrì òkú lo tà fún mi!"

"Olè ni!" Ohùn tèmi ló ga jù.

Ráfíátù nawọ́ sí mi. "Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń gbọ́ rédíò nínú ọkọ̀ lójoojúmọ́! Ọkọ̀ náà kì í dún, wọn kì í mọ̀ pé àwọn ò tíì pa á tí wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀!"

Ìgbátí Tonton bá mi kí n tó sá. Ráfíátù fò sẹ́yìn ọ̀kadà zémìjàn kan tó ń kọjá, ó kígbe sí mi: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sá nílé ìwé, ṣé ẹ fẹ́ kí n wá bá yín jókòó sílé ni?"

Ó dé kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìdánwò. Mo dúpẹ́. Ọ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ti tó ilé wa.