Ìyá Àgbà Ò Gbọdọ̀ Lọ Sógun

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n pa wá lónìí nínú géèmù Japan tí mo fẹ́ràn jù láyé, ọmọ mi ọdún méje ló fà á!

Àwa la máa ń sọ àwọn jagunjagun wa lórúkọ níbẹ̀. Ọmọ náà sọ obìnrin tó ń wo ọgbẹ́ wa sàn ní Ìyá Àgbà, bó ṣe ń pe màmá mi tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì jẹ́ kó jáde sójú ogun mọ́.

Mo pariwo: "Jẹ́ kí wọ́n jáde jàre!"

Hausa Maiduguri tí à ń gbé yìí ló fi fèsì: "A'a, Mama. Ta tsufa, ta huta."

Ìyẹn ni pé rárá o, wọ́n ti dàgbà, kí wọ́n sinmi.

Mo pe màmá mi, mo rò ó fún wọn. Wọ́n ní, "Sọ fún un pé mi ò lè jókòó kí wọ́n máa lu ọmọ-ọmọ mi."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbá géèmù, ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?