Tíṣà Owólabí Kọ̀, Kò Ṣe Àmín

Ìjọ́ tí Òkókómáíkò kò lè gbàgbé ni ìjọ́ tí Tíṣà Owólabí kọ̀ láti ṣe àmín. Ìsọmọlórúkọ ni, lọ́dún 1975. Lemọ́mù ti ṣàdúrà fún ọmọ, wọ́n ti ṣe fún ìyá ọmọ, wọ́n wá kọjú sí Tíṣà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síta bí ẹni tó ń sá a sóòrùn.

"Tíṣà wa, Ọlọ́run á jẹ́ kí ara yín le."

"Àmín!" ni gbogbo ilé.

"Rárá o!" ni Tíṣà. "Lemọ́mù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣépè fún mi. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ara ti le. Orúnkún le, ìbàdí le, ọrùn le. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó rọ̀."

Lemọ́mù sọ ọwọ́ àdúrà kalẹ̀. Àsíátù, ìyàwó Tíṣà, ló sáré ṣe àmín méjì: ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún ọkọ rẹ̀.

Làkúrègbé ló ń bá Tíṣà jà. Ká má tan ara wa, ó ń dùn wọ́n. Àràárọ̀ ni Àsíátù ń fi òrí gbígbóná ra orúnkún wọn kí wọ́n tó lè rìn dé ilé ìwé. Bí ẹlòmíràn bá gbọ́ "Ṣé ara le?", á ní "A dúpẹ́", á sì kọjá lọ. Tíṣà ní tiwọn á dúró, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, wọ́n á rò ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn Ìyànà Ìbà bẹ̀rẹ̀ sí í yà gba ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n bá rí wọn lókèèrè.

"Ẹni tó bá ń purọ́ nínú kíkí," ni wọ́n máa ń sọ fún kíláàsì wọn, "á purọ́ nínú ìṣirò."

Àwọn ọmọ gbọ́n, wọ́n yí kíkí padà. "Ṣé ara rọ̀, sà?"

"Kò tíì rọ̀. Ẹ jókòó."

Nígbà tí owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, dé, àwọn tíṣà yòókù ra rédíò. Tíṣà Owólabí ra àga onífóòmù, wọ́n ní kí wọ́n gbé e wá sí kíláàsì. Wọ́n jókòó, ó gbé wọn mì. Títí ilé ìwé fi jáde, wọn kò lè dìde. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ méjì ló ń gbé pátákó ìkọ̀wé wá bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé lọ́dún 1976, ọmọ kún kíláàsì dé ojú fèrèsé, ó sì rẹ gbogbo tíṣà. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi kàn pé ọ̀gá kan ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, pé tíṣà tó bá ń ṣàìsàn á lọ sílé. Ìdánwò àwọn oníwèé mẹ́fà ku oṣù mẹ́ta.

"Kí n ṣáà kó wọn dé ẹnu ìdánwò," ni Tíṣà sọ fún Àsíátù. "Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n lé mi."

"Ẹ sọ fún un pé ara le. Ẹ̀ẹ̀kan péré!"

"Kí n purọ́ lójú àwọn ọmọ?"

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá náà máa dé, Tíṣà kò jókòó rárá, torí wọ́n mọ̀ pé àwọn kò ní lè dìde. Láti aago méje ni wọ́n ti di etí tábìlì mú. Aago méjìlá ni ọ̀gá tó yọjú, eruku ọ̀nà tuntun Bàdágírì bo bàtà rẹ̀.

"Tíṣà, wọ́n ní ara yín ò yá. Ṣé ara le?"

Àwọn ọmọ kíláàsì tẹjú mọ́ Tíṣà. Wọ́n mọ ẹni tó ń kọ́ wọn.

"Ó le, sà."

"Ó le dáadáa?"

"Sà, kò tíì le tó báyìí rí."

Inú ọ̀gá dùn, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó lọ. Tíṣà fẹ́ jókòó, orúnkún kọ̀, kò ká. Ọmọ mẹ́fà ló rọra gbé wọn sínú àga, omi ń bọ́ lójú Tíṣà.

"Ẹ̀yin náà gbọ́," ni wọ́n ń wí. "Mi ò purọ́."

Gbogbo ọmọ ló yege, àfi ẹnì kan tí ìṣirò gbé ṣubú. Tíṣà ní òpùrọ́ ni.

Ọdún kejì, Tíṣà kírun ìdájí tán, wọ́n fẹ̀yìn ti àga onífóòmù yẹn, wọn kò dìde mọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì náà dé pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé girama lọ́rùn wọn. Lemọ́mù ló wẹ òkú. Nígbà tí wọ́n jáde, ọwọ́ wọn kò tíì gbẹ, wọ́n lọ bá Àsíátù níbi tó jókòó sí.

"Àsíátù, orúnkún yẹn ká, ó sì nà. Ọrùn yẹn yí. Ara Tíṣà ti rọ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ, ẹkún sì gbà á lẹ́nu wọn. Àsíátù ṣe àmín. Ẹyọ kan péré ló ṣe lọ́jọ́ náà, ti ọkọ rẹ̀ sì ni.