Mo Gbé Òkúta Ìpọ́nbẹ Baba Mi Lọ sí Jẹ́bà

Wọn kò tíì pe ìrun àsùbáà tí mo fi jáde nílé ní Ọ̀fà. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí wa ni, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tí a ti ń wojú Olúwa. Iṣẹ́ gbàjámọ̀ ni iṣẹ́ ìdílé wa, èmi ni yóò sì fá orí ọmọ náà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ abẹ mi kì í gé irun mọ́, fífà ló ń fà á, mo sì ti fi ya oníbàárà kan ní ìpàkọ́. Ẹ̀rù ń bà mí.

Òkúta tí a fi ń pọ́n abẹ ni mo fẹ́ lọ rà ní Jẹ́bà, létí Odò Ọya, nítorí èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà wa, àdá ló yẹ. Baba mi, tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ní kí n mú tòun tí mo ń lò dání, kí n lè fi wé èyí tí mo bá rí.

Ó ní, “Má jẹ́ kó já bọ́ o. Ọwọ́ mi ló wà nínú ẹ̀.”

Òótọ́ ni. Kòtò wà láàárín òkúta náà, níbi tí abẹ Baba ti ń lọ tó ń bọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀. Bí oníbàárà tuntun bá dé ilé wa, a máa ń ní kó fi ìka kan kòtò náà, kó lè mọ̀ pé kì í ṣe àná la bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Baba fúnra rẹ̀ a máa fi àtàǹpàkò wá a láràárọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wọ ọkọ̀ ojú irin rí, ẹ má fi aṣọ tó dáa wọ̀ ọ́. Pákó lásán ni ìjókòó rẹ̀, iná tó ń ta jáde lára ẹ̀rọ rẹ̀ sì jó agbádá ọkùnrin kan lu lójú mi. Ní Ìlọrin, àwọn obìnrin Fúlàní gbé wàrà wá sẹ́bàá ọkọ̀. Wàrà tọ́rọ́ kan kún igbá mi, ó sì tutù dáadáa.

Jẹ́bà gbóná ju ọ̀dọ̀ wa lọ, òórùn ẹja sì gba gbogbo ìlú. Wànzáámì ni àwọn Haúsá ń pe onígbàjámọ̀, áskà ni wọ́n ń pe abẹ. Lọ́dọ̀ wa, àwa là ń gbé àpò kiri ilé oníbàárà, tí wọ́n á sì fún wa níṣu nígbà ìkórè. Níbí, abẹ́ igi ni onígbàjámọ̀ jókòó sí, tí oníbàárà ń tò dè é bí ẹni tó wá gba oògùn. Ó wù mí díẹ̀.

Àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Gàrúbà, tó ń fá irun tó sì ń ta òkúta, gbọ́ Yorùbá dáadáa, mo sì sọ ọ̀rọ̀ ọmọ àti abẹ mi fún un. Ó kán omi sójú òkúta rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní èyí tó bá fa omi mu wéré, ọ̀bẹ ló wà fún. Èyí tí omi bá dúró lójú rẹ̀ ló yẹ abẹ. Ó fi èékánná kàn wọ́n, ó ní èyí tí kò bá dún ketekete ti là nínú. Ó wá ṣe bẹ́ẹ̀ sí òkúta Baba. Omi dúró. Ó dún.

“Èyí dáa ju gbogbo tèmi lọ,” ó wí. “Kí lo tún wá rà?”

“Ṣé ẹ ò rí kòtò rẹ̀ ni?”

“Kòtò yẹn ló ń ba abẹ ẹ jẹ́. Lọ ha á kó tẹ́jú.”

Inú bí mi. Mo ní, “Ọwọ́ baba mi lẹ ní kí n ha dànù yẹn.”

“Baba ẹ mọ bó ṣe ń yí ọwọ́ nínú kòtò náà. Ìwọ ò mọ̀ ọ́n. Ṣé orí ọmọ ẹ lo fẹ́ fi kọ́ ọ?”

Mo gbé òkúta náà lọ sétí odò. Mo fi èédú fa ìlà káàkiri ojú rẹ̀, mo da iyanrìn kíkúnná àti omi sórí àpáta tó tẹ́jú, mo sì ń fi òkúta náà yí po lórí rẹ̀. Èédú tó wà létí kọ́kọ́ pa rẹ́. Ti inú kòtò kò lọ. Nígbà tí òun náà wá lọ tán, mo mọ̀ pé ó ti tẹ́jú. Mo sunkún, n kò ní purọ́.

Gàrúbà kìlọ̀ fún mi kí n yé fi àdí sí i bí a ti ń ṣe nílé, nítorí òróró a máa dí ojú òkúta, omi nìkan ló ń fẹ́. Ó ní kí n máa fọ̀ ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, kí n jẹ́ kó gbẹ níbi tí oòrùn kò dé, kí n sì máa fi abẹ kárí gbogbo ojú rẹ̀. Mo pọ́n abẹ mi níwájú rẹ̀, mo dán an wò lápá mi, irun náà sì bọ́ láìfà.

Nígbà tí ọkọ̀ dé Ìlọrin lábọ̀, n kò lè mu wàrà. Mo délé, Baba na ọwọ́, mo gbé òkúta náà lé e. Àtàǹpàkò rẹ̀ wá kòtò náà títí.

“Ó dà?”

“Mo ha á, Baba. Ẹ má bínú. Nítorí ọmọ ni.”

Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e.

“Bó ṣe rí nìyí,” ó wí níkẹyìn, “lọ́jọ́ tí baba tèmi gbé e fún mi.”

Mo lọ sí Jẹ́bà, mo bọ̀, kí n tó mọ̀ pé òkúta náà ti wà kí kòtò Baba tó wà. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ọmọ náà sùn títí mo fi fá orí rẹ̀ tán. Baba fi àtẹ́lẹwọ́ pa orí náà láti iwájú dé ìpàkọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kan irun tàbí egbò níbì kankan.