Òkun Lára Ògiri Ẹ́síréè

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ni Màmá Má-Mí fi ya egungun ẹlẹ́gungun nílé ìwòsàn. Iṣẹ́ ẹ́síréè ló ń ṣe, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń rí inú ara láìfi ọ̀bẹ kàn án. Bí ẹni tí àyà ń dùn bá ti dúró níwájú ẹ̀rọ, màmá á bọ́ sẹ́yìn ògiri kékeré kan, á ní, "Ẹ fa èémí sínú. Ẹ má mí." Ẹ̀rọ á dún tìì, màmá á ní, "Ó ti tó, ẹ máa mí lọ." Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn tí kò mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ pọ̀ nílùú. Ẹni tí kò bá mọ Màmá Má-Mí, kò tíì fara pa rí ni.

Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pawọ́ pọ̀ ra kámẹ́rà fún un. Ọ̀gá ẹ̀ka ẹ́síréè, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ló gbé e lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ ti ya inú wa tó. Ẹ lọ máa ya ìta."

Màmá dúpẹ́, ó kó ẹrù rẹ̀. Bó ṣe ń jáde lọ, ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de ìpè, ẹsẹ̀ ń ro ó, ló bá jókòó sórí bẹ́ńṣì ibẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń kọjá níbẹ̀, kò jókòó rí. Ohun tó dojú kọ ọ́ ni ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, àti ìwé kan tó ní kí aboyún má wọlé láì kọ́kọ́ sọ fún òṣìṣẹ́. Kò sí nǹkan mìíràn tí ojú lè wò. Ó wo ògiri náà títí, àyà òun tí ara rẹ̀ le koko bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó dìde, ó padà sọ́dọ̀ ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ògiri tó kọjú sí bẹ́ńṣì yẹn, ṣé ẹ lè fún mi?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ gbé òkun síbẹ̀."

Ọ̀gá rò ó díẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn yóò fi kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Bí àwòrán bá dé kí ọ̀dà tó gbẹ, màmá ló ni ògiri.

Etíkun tó ní lọ́kàn kò jìnnà. Èèyàn á wọ bọ́ọ̀sì dé ilé yìnyín àwọn apẹja, á wá fẹsẹ̀ rìn gba ẹ̀yìn ibẹ̀ títí iyanrìn á fi máa wọ inú bàtà. Iyanrìn náà tẹ̀ bíi dòjé. Níbi tó parí sí, àpáta dúdú ló wà níbẹ̀, orí àpáta náà sì ni ilé iná gogoro tó ń júwe ọ̀nà fún àwọn ọkọ̀ ojú omi dúró sí, funfun báláú, àfi bí ẹni pé ó sán ìgbànú pupa mọ́ àárín.

Ọkọ rẹ̀ bá a lọ. Káfíńtà ni bàbá náà, òun náà ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbà pé iṣẹ́ ti tán. Bí màmá bá ti gbé kámẹ́rà sójú, bàbá á ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú rẹ̀, á máa fi èékánná họ pákó tí omi gbé wá sí èbúté, bóyá igi gidi ni.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti wọ inú fótò."

"Èmi? Ẹ̀yìn ni mo wà."

"Ẹ̀yìn yín gan-an ni mò ń wò."

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ já sófo. Nínú fótò kan, òkun fì sápá kan bí omi inú àwo tí wọn kò gbé dọ́gba. Nínú òmíràn, kò sí orí lọ́rùn ilé iná. Obìnrin tó ń tẹ fótò ládùúgbò yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Màmá, ta ló bẹ́ ẹ lórí?"

Màmá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, eegun ọmọ-ìka lásán kò yọ sílẹ̀ nínú fótò rẹ̀ rí. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà pé, "Egungun ní tirẹ̀, tí mo bá ní kó dúró, á dúró. Òkun yìí ò gbọ́ràn rárá."

Lọ́sẹ̀ kejì, olùṣọ́ ilé iná rí wọn látòkè, ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn. Àgbà ọkùnrin ni, ó ń tiro díẹ̀. Ó wo màmá lójú dáadáa.

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ yà mí lọ́dún tí mo já bọ́ lórí àkàbà?"

Màmá kò wo ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wò. "Orókùn ọ̀tún?"

"Òun náà ni."

"Ó jiná dáadáa. Ẹ kàn gbàgbé láti máa fi rìn ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Ó wá fọwọ́ bo ojú, ó wo oòrùn. Ó ní, "Òjìji ilé iná lẹ ń yà o, màmá. Ẹ lọ dúró sápá àpáta kékeré yẹn, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Ẹ sì wá láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, omi máa fà sẹ́yìn dáadáa. Iyanrìn tútù á máa dán bíi dígí, ilé iná méjì lẹ máa rí, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀."

Bó ti wí ló rí. Lọ́jọ́ náà, màmá gun orí àpáta kékeré, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tilẹ̀. Ojú ọ̀run mọ́ roro. Ilé iná dúró ṣánṣán, òjìji rẹ̀ dorí kodò nínú iyanrìn tútù. Bàbá ti ṣèlérí pé òun kò ní kúrò níbi tí òun jókòó sí. Àmọ́ ìgbì kan yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ wá, ó gbé sálúbàtà rẹ̀ kan lọ. Bàbá fò sókè, ó ká ṣòkòtò dé orókùn, ó gbá tẹ̀lé e. Ó na ọwọ́, ó na ọrùn, sálúbàtà kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí ìka rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ọwọ́ màmá tẹ kámẹ́rà.

"Bàbá!"

"Mò ń bọ̀," ni bàbá wí, ó ṣì ń sáré lọ.

Kí ó tó padà wá pẹ̀lú bàtà ẹyọ kan, omi ti bo iyanrìn, ìkùukùu sì ti gba oòrùn. Láti ọ̀la rẹ̀ ni òjò ti bẹ̀rẹ̀, kò sì dá fún ọjọ́ márùn-ún. Fótò kan ṣoṣo tó dára tí màmá ní, ọkọ rẹ̀ ló wà láàárín rẹ̀ tó ń lé bàtà.

Obìnrin tó ń tẹ fótò rí i, ẹ̀rín pa á, ó di tábìlì mú kó má baà ṣubú. Ó tẹ̀ ẹ́ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Inú bàbá kò dùn sí i rárá.

"Èmi àgbà káfíńtà, kí gbogbo ìlú máa wo orúnkún mi? Mi ò ní kan férémù kankan fún un."

Màmá kò bá a jiyàn. Lọ́jọ́ kejì, ó ká fótò náà mọ́ abíyá, ó ní kí bàbá sin òun dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ti gbé bẹ́ńṣì síta lábẹ́ igi nítorí ọ̀dà. Obìnrin kan jókòó síbẹ̀, ó fi gèlè so ọwọ́ rẹ̀ tó wú mọ́ àyà, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Màmá jókòó tì í, ó kí i, ó sì ṣí fótò náà lé e lẹ́sẹ̀. Obìnrin náà kọ́kọ́ wo òkun. Nígbà tó yá, ó tẹ̀ síwájú.

"Bàtà bàbá yìí ni òkun ń gbé lọ?"

"Bàtà wọn ni."

"Ṣé wọ́n rí i mú?"

"Àwọn nìyẹn, ẹ bi wọ́n."

Obìnrin náà wo bàbá, ó wo fótò, ó tún wo bàbá, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé, ó fi ọwọ́ tó wú nu ojú, ó ní "yéè", ó tún ń rẹ́rìn-ín lọ.

Bàbá wúkọ́. "Ó kù díẹ̀ kọ́wọ́ mi tó o," ló wí. "Ọmọ ìyá, ẹ rọra, ẹ má fi ọwọ́ yẹn ṣeré."

Lójú ọ̀nà ilé, ó dúró lọ́dọ̀ onípákó. Ó fọwọ́ kan pákó títí, ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Férémù tìẹ, ṣé igi tó pọ́n lo fẹ́ ni, àbí èyí tó funfun?"

Àwòrán náà ti wà lára ògiri báyìí. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, ó di dandan kó dá sí ọ̀rọ̀ sálúbàtà. Awakọ̀ kan búra pé bàbá máa mú un. Olùkọ́ kan fi ìka wọn ìfófòó omi, ó ní kò lè ṣeé ṣe láéláé. Nọ́ọ̀sì pe orúkọ awakọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta, awakọ̀ ní kí nọ́ọ̀sì jọ̀wọ́ mú sùúrù fún òun, àwọn kò tíì parí ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, olórí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ránṣẹ́ sí màmá pé fótò ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ọmọ òun fẹ́. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, tọkọtaya náà wọ bọ́ọ̀sì lọ sí èbúté. Ọkọ̀ méje ló gúnlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, màmá sì ya gbogbo wọn. Ìgbà tí wọ́n fi padà délé, ọ̀sán ti pọ́n, wọn ò sì tíì jẹun.